Ègé Kejìlélọ́gbọ̀n

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo lò ní Ṣikágò kí ẹnì kan tó kí mi káàárọ̀. Mo kà á. Ní Ìrémọ, ní Ilé-Ifẹ̀ níbi tí wọ́n bí mi sí, o ò lè gbé omi ìfọjú jáde sẹ́nu ọ̀nà kí o má kí èèyàn mẹ́fà kí o tó dà á nù. Ṣùgbọ́n ní Ṣikágò, èmi àtàwọn tí a jọ ń gbé ilé alájà mẹ́sàn-án a jọ máa ń wọ ẹ̀rọ tó ń gbéni lọ sókè, wọ́n á máa wo bàtà wọn, èmi náà á máa wo bàtà mi, títí ilẹ̀kùn á fi ṣí, kálukú á bá tirẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ tí obìnrin kan tó ń nu àtẹ̀gùn wò mí lójú tó sì kí mi, díẹ̀ ló kù kí n kúnlẹ̀ fún un.

Ohun kejì tó yà mí lẹ́nu ni pé mi ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Èmi tí mo fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Òkèrèwè fún ọdún méjì kí n tó kúrò nílé! Ẹnu wọn yára, ọ̀rọ̀ wọn ń gun ara wọn lẹ́yìn, kí n tó mú ti àkọ́kọ́, ti kẹwàá ti kọjá. Nígbà tí mo rí i pé etí ò ràn mí lọ́wọ́, mo padà sídìí ohun tí wọ́n fi tọ́ mi dàgbà: mò ń wo ojú, mò ń wo ètè, mò ń wo ọwọ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń mọ̀ bóyá inú ń bí wọn, bóyá wọ́n ń ṣeré, bóyá ìbéèrè ni wọ́n ń bi mí.

Nítorí adití ni bàbá mi.

Ibà kan ló pa etí rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin, kí ọ̀rọ̀ tó rídìí jókòó lẹ́nu rẹ̀. Kò sí ilé-ìwé àwọn adití nítòsí láyé ìgbà náà. Wọ́n fi í síṣẹ́ káfíńtà, wọ́n ní ojú ni wọ́n fi ń kọ́ ọ. Ó sì kọ́ ọ débi pé yunifásítì gbà á sí ẹ̀ka tó ń tún ilé ṣe. Ibẹ̀ ló wà títí ó fi fẹ̀yìn tì, tó ń ṣe ilẹ̀kùn, tó ń ṣe fèrèsé, tó ń ṣe bẹ́ǹṣì gígùn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń jókòó lé. Òun àti ìyá mi ló dá èdè ọwọ́ kan sílẹ̀ nínú ilé. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi Bísí dé, ó fi tirẹ̀ kún un. Nígbà tí èmi náà dé, mo fi tèmi kún un. Lẹ́yìn tí ìyá mi kú, àwa mẹ́ta péré la kù láyé tó gbọ́ èdè náà. Kò sí ìwé tí wọ́n kọ ọ́ sí. Kò sí “ẹ” nínú rẹ̀, kò sí “o”; orúnkún la fi ń bọ̀wọ̀. Bí ọ̀rọ̀ kan bá sì bọ́ mọ́ Bàbá lójú, á gbá orúnkún ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ìwọ á tún ọ̀rọ̀ yẹn nìkan sọ, ẹ ó sì máa bá ìtàn yín lọ.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo rí ni iṣẹ́ ìfọṣọ, ní abẹ́ ilẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan. Ariwo ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀ pọ̀ débi pé bí èèyàn bá ń pariwo sí ọ létí, o ò ní gbọ́. Oríṣiríṣi ìlú la ti wá: àwọn ará Mẹ́síkò, àwọn ará Háítì, àti ìyá àgbà kan tó jẹ́ ará Póláǹdì. Ohùn gbogbo wọn ti ha. Lọ́jọ́ kẹrin mi níbẹ̀, mo dúró sí òdì kejì yàrá, mo fi ọwọ́ sọ fún ìyá Póláǹdì náà pé aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò tíì gbẹ, kó dá a padà. Ó wò mí, ó fọwọ́ kan aṣọ náà, ó bú sẹ́rìn-ín. Kó tó pé oṣù méjì, gbogbo wa ló ń fi ọwọ́ sọ “ó ti gbẹ”, “dúró”, “wá bá mi gbé e”, “ọ̀gá ń bọ̀”. Ọ̀rọ̀ bàbá mi ni wọ́n ń sọ, ọ̀rọ̀ tó fi ń pe èmi àti Bísí wá jẹun nínú àgbàlá wa ní Ìrémọ, wọn ò sì mọ̀. Nígbà mìíràn á pa mí lẹ́rìn-ín. Nígbà mìíràn omi á kàn ṣàdédé bọ́ lójú mi sórí aṣọ funfun tí mò ń ká.

Àwọn ọmọ Yorùbá tí a jọ ń pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì máa ń sọ pé oúnjẹ ilé ló ń wu àwọn jù. Èmi, ọwọ́ mi ló ń yun mí. Ọ̀rọ̀ mẹ́wàá tí a ń lò nínú yàrá ìfọṣọ kò tó èèyàn gbé ayé. Mi ò lè fi bínú, mi ò lè fi ṣẹ̀fẹ̀, mi ò lè fi sọ àlá tí mo lá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù pé bó bá pẹ́, ọwọ́ mi á gbàgbé. Èèyàn lè jìnnà sí ìlú rẹ̀ kí ó ṣì máa pàdé ẹni tó gbọ́ Yorùbá ní ọjà, ní bọ́ọ̀sì. Níbo ni mo ti fẹ́ pàdé ẹni tó gbọ́ èdè ilé bàbá mi?

Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, mo máa ń pe ilé-ìtajà kan ní Ìlárè níbi tí wọ́n ti ń gba fóònù, ní aago tí a ti fi àdéhùn sí. Bísí á ti wà níbẹ̀. Olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni, ọ̀dọ̀ Bàbá ló sì ń gbé. Á mú Bàbá dání. Èmi á sọ̀rọ̀ fún Bísí, òun á gbé fóònù há èjìká, á fi ọwọ́ sọ ọ́ fún Bàbá, gbogbo rẹ̀ á sì dákẹ́ lọ́dọ̀ mi. Inú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni bàbá mi wà. Mo máa ń gbọ́ bí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ṣe ń kan ara wọn, mo sì máa ń gbọ́ ìró ọ̀fun rẹ̀ nígbà tó bá ń rẹ́rìn-ín.

“Bàbá ní ṣé o ń jẹun dáadáa.”

“Ẹ bá mi sọ fún wọn pé mò ń jẹun.”

Ìdákẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà: “Wọ́n ní irọ́ ni.”

“Wọn ò gbọ́ ohùn mi, báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé irọ́ ni?”

“Wọ́n ní ojú tèmi làwọn ń wò bí mo ṣe ń gbọ́ ọ.”

Ní ọdún kẹta mi ní Ṣikágò ni mo bí Fadékẹ́. Ọkọ tí mo fẹ́ níbẹ̀ ń wa ọkọ̀ ẹrù ńlá láti ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀, ọ̀sẹ̀ á pé kó tó délé, nítorí náà èmi àti ọmọ nìkan la sábà máa ń wà. Kí ó tó lè pe “màámi” ló ti ń fi ọwọ́ sọ “wàrà”, “gbé mi”, “tún un ṣe”. Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́ta, a lè wọ bọ́ọ̀sì kí a máa tàkúrọ̀sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà dé òpin láì la ẹnu. Àwọn èèyàn á máa wò wá tàánútàánú, wọ́n rò pé adití ni ọmọ náà. Òun kọ́ ni wọ́n ì bá káàánú. Ẹ̀rín ló ń pa wá, nítorí nípa fìlà tí ẹnì kan dé la ń sọ.

Nígbà tó wọ ilé-ìwé jẹ́léósinmi, mo kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, mo sì rí iṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣètò àwòrán fún ìwé ìròyìn. Èmi ni mò ń fi àwọn fáìlì ńlá ránṣẹ́ láti orí kọ̀ǹpútà wa sí ẹ̀ka wa ní ìlú mìíràn, kí n sì rí i pé wọ́n dé lódidi. Ọkùnrin aláwọ̀ funfun kan tí irun rẹ̀ ti funfun tán ló kọ́ mi níṣẹ́. Ó ní Rọ́ì ni kí n máa pe òun. Ẹni tó lè bí mi lọ́mọ! Oṣù mẹ́fà ni mo fi ń rìn lọ síwájú tábìlì rẹ̀ kí n tó la ẹnu, kí n má bàa pe orúkọ náà láti òkèèrè.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, Bísí nìkan ló wá sí Ìlárè.

“Bàbá ńkọ́?”

“Wọ́n wà nílé. Ìyá Fadékẹ́, jókòó.”

“Mo ti jókòó.”

“Wọ́n fi ayùn gé ìka lọ́sẹ̀ tó kọjá. Láti ìgbà tí mo ti dáyé, mi ò rí i kí ayùn gé wọn rí. Ni mo bá mú wọn lọ sí ọsibítù. Dọ́kítà ní ó ti pẹ́ tí ojú wọn ti ń kú láti ẹ̀gbẹ́, wọn ò kàn sọ fún ẹnì kankan ni. Ó ní ó dà bí ìgbà tí èèyàn bá ń wo ayé láti inú páìpù, páìpù náà sì ń kéré sí i.”

“Kò sí oògùn?”

“Wọ́n máa ṣe iṣẹ́ abẹ. Ó ní tó bá yọrí sí rere, ìwọ̀nba tó kù á dúró fún ìgbà díẹ̀. Èyí tó ti lọ kò lè padà. Kò sì ṣèlérí. Ó ní bí ohun kan bá wà tí a fẹ́ kí wọ́n rí, ká má fi dọ̀la.”

Mo mọ ohun tí ó jẹ́. Bàbá ti rí fọ́tò Fadékẹ́ lóòótọ́, mo ti fi ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ kì í rìn nínú fọ́tò. Bàbá mi kò tíì gbọ́ kí ọmọ-ọmọ rẹ̀ sọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Ojú tí wọ́n ń sọ pé ó ń kú yìí, òun náà ni etí rẹ̀. Èmi kò sì lè gbé ọmọ lọ sílé, nítorí ìwé ìgbélùú mi ṣì wà lọ́dọ̀ ìjọba. Bí mo bá jáde, mi ò ní lè padà wọlé.

Mo ya kásẹ́ẹ̀tì fídíò, ogún ìṣẹ́jú, mo fi rán ẹnì kan tó ń lọ sílé. Kásẹ́ẹ̀tì náà dé Ìrémọ láì fọ́. Wọ́n gbé e sínú fídíò aládùúgbò wa. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi ni pé kásẹ́ẹ̀tì Amẹ́ríkà àti fídíò ilé wa kò gbọ́ èdè ara wọn. Ìlà dúdú àti funfun ló ń yí lójú tẹlifíṣàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí.

“Mo fẹ́ pa á,” ni Bísí wí lórí fóònù, ohùn rẹ̀ ti yí padà, “Bàbá di ọwọ́ mi mú. Wọ́n ní kí n fi sílẹ̀, pé bóyá ọmọ náà ṣì ń bọ̀ lọ́nà. Ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n fi wo ìlà, Ìyá Fadékẹ́.”

Mo lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè pẹ̀lú ojú wíwú. Rọ́ì gbé kọfí síwájú mi, ó jókòó tì mí. Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, ó ní: “Nílé bàbá rẹ níbẹ̀, ṣé kò sẹ́ni tó ní íńtánẹ́ẹ̀tì?”

Ẹnì kan wà. Ní yunifásítì, yàrá kan wà tó ní kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi wáyà fóònù so mọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì, Ìyáàfin Olúrántí, ará Ìlá, ló sì ń bójú tó o. Bísí lọ bá a. Kò tíì sọ̀rọ̀ dé àárín tí obìnrin náà fi ní, “Bàbá Káfíńtà? Tó ṣe ilẹ̀kùn tí ẹ gbà wọlé yìí? Ẹ ní kí ọmọ wọn máa fi ránṣẹ́.”

Ìṣẹ́jú kan ni Rọ́ì ní kí a yà, nítorí fídíò tóbi. Ó gbé kámẹ́rà wá sílé wa. Fadékẹ́, tó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rin, kúnlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, ó kí bàbá àgbà. Lẹ́yìn náà ó sọ ìtàn tí òun fúnra rẹ̀ yàn: nǹkan funfun kan bọ́ láti ojú ọ̀run, ilẹ̀ ń yọ̀, òun ṣubú, màámi náà ṣubú, a jọ dìde. Bàbá kò ní ọ̀rọ̀ fún yìnyín Ṣikágò, tó fúyẹ́ ju ti ilé lọ. Fadékẹ́ ló dá a sílẹ̀, ó jẹ́ kí ìka rẹ̀ máa já bọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó wá di èjìká rẹ̀ méjèèjì mú. Rọ́ì gbé fídíò náà sínú kọ̀ǹpútà, ó fún un pọ̀ kó lè kéré, síbẹ̀ ó tóbi ju ohunkóhun tí ẹ̀rọ Ifẹ̀ tíì gbà rí. A gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tí Ìyáàfin Olúrántí ti lè fà á wọ kọ̀ǹpútà tirẹ̀.

Lọ́jọ́ kìíní, ìdá kan nínú mẹ́wàá dé, wáyà já. Lọ́jọ́ kejì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdajì, òjò bẹ̀rẹ̀, wáyà já. Ìgbàkígbà tó bá ti já, láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n tún ń fà á. Lọ́jọ́ kẹta, odidi ọ̀sán ni wọ́n fi fà á, ìdá kan nínú mẹ́ta ló dé. Ímeèlì Ìyáàfin Olúrántí kò ju ìlà kan lọ: “Ó ń wọ́ bí ìgbín. Ẹ má bínú, a ó tún gbìyànjú lọ́la.”

“Kí ló dé tó fi ń ṣe báyìí?” ni mo bi Rọ́ì. “Fáìlì tiwa máa ń lọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.”

Ó ní kí n fi ọgọ́rùn-ún ìbéèrè kékeré ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ tó wà ní Ifẹ̀, bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn. Mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún dáhùn. Mẹ́tàlá kò dáhùn.

“Fáìlì kì í rìn lódidi,” ni Rọ́ì wí. “Kọ̀ǹpútà máa ń gé e wẹ́wẹ́, á kọ nọ́ńbà sí ara ègé kọ̀ọ̀kan, pákẹ́ẹ̀tì là ń pè é. Ẹ̀rọ ọ̀hún á máa dáhùn pé mo ti gba títí dé ibi báyìí. Bí ọ̀kan bá sọnù lọ́nà, ìdáhùn kò ní wá, tiwa á sì tún un fi ránṣẹ́.”

“Tó bá ń tún un fi ránṣẹ́, kí ló wá sọnù?”

“Àkókò. Tí ìdáhùn kò bá tètè dé, ẹ̀rọ wa kò mọ̀ pé wáyà ni kò dáa. Èrò rẹ̀ ni pé ọ̀nà ti kún. Ni á bá rọra, á fẹsẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀, kó má bàa dí àwọn yòókù lọ́wọ́. Ní ọ̀nà tó kúrú, kíá ni á tún ti sáré. Ṣùgbọ́n láti ibí dé Ifẹ̀, kí ìdáhùn tó lọ kó tó bọ̀, ó ń pẹ́. Kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, òmíràn á ti sọnù, á tún rọra. Nígbà tó bá yá, wọn ò gbọ́ ara wọn mọ́ rárá, okùn á já.”

“Ọ̀wọ̀ tó ń bù fún èrò tí kò sí lọ́nà ló ń pa á,” ni mo wí.

Rọ́ì rẹ́rìn-ín. Ó ní kò sẹ́ni tó ṣàlàyé ẹ̀ fún òun bẹ́ẹ̀ rí.

Ọ̀rọ̀ náà bá mi délé. Èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìlú yìí. Mo bá wọn sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọn ò dáhùn, mo rò pé àyè ò sí fún mi, mo rọra. Mo tún bá wọn sọ̀rọ̀, mo tún rọra. Ta ló mọ iye èèyàn tí kò kàn gbọ́ mi ni, tí ì bá gbọ́ ká ní mo tún un sọ?

Bí mo ṣe ń wẹ Fadékẹ́ lọ́wọ́ ni mo rántí Bàbá tó ń gbá orúnkún ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó bọ́ lójú rẹ̀ nìkan la máa ń tún sọ; a kì í ti ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn bẹ̀rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá Rọ́ì ní ẹnu ọ̀nà kó tó bọ́ kóòtù rẹ̀.

“Rọ́ì,” ni mo pè é, láti òkèèrè, “tí àwa fúnra wa bá kọ́kọ́ gé fáìlì náà ńkọ́? Ká gé e sí ègé tó kéré tó fi máa dé kí wáyà tó já. Èyí tó bá já, òun nìkan ni wọ́n á tún fà.”

Ó dúró, apá kóòtù kan ṣì wà lára rẹ̀. “Gé e,” ni ó wí.

Mo gé e sí méjìlélọ́gbọ̀n. Mo kọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe tóbi tó sínú ímeèlì, kí Ìyáàfin Olúrántí lè mọ èyí tó dé lódidi àti èyí tí kò pé. Bísí gbé ọjọ́ iṣẹ́ abẹ wá: Fráídè ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an. Ó ní òun á mú Bàbá wá sí yunifásítì ní Tọ́sìdeè, ohun tó bá dé nígbà yẹn ni wọ́n á wò.

Ẹ wo bí mo ṣe ń ka ímeèlì lọ́sẹ̀ náà. “Ègé 1 dé. Ègé 2 dé. Ègé 3 já, mo tún fà á, ó ti dé.” “Ègé 7 dín kù, mo ti tún un fà.” “Òjò. Kò sí nǹkan kan lónìí.” “Láti 9 dé 20 ti wọlé láàárọ̀ yìí, ẹ bá mi dúpẹ́!” Rọ́ì lẹ ìwé kan mọ́ ògiri, a kọ nọ́ńbà sí i, à ń fi bírò pupa fagi lé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ará ibi iṣẹ́ tí kì í kí mi tẹ́lẹ̀ ń dúró níwájú ògiri náà. “Mélòó ló kù?” ni wọ́n ń bi mí. “Bàbá rẹ ńkọ́?” Mo ti lo ọdún méje ní ìlú yẹn. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ bi mí léèrè bàbá mi.

Ní Wẹ́sìdeè, mọ́kànlélọ́gbọ̀n ti dé. Èyí tó gbẹ̀yìn kọ̀. Ìgbà mẹ́rin ni Ìyáàfin Olúrántí fà á, ìgbà mẹ́rin ló já. Mo kọ̀wé sí i pé kó fi sílẹ̀, pé fídíò náà á ṣiṣẹ́ láìsí i; ìparí ni, ìṣẹ́jú-àáyá méjì péré, Fadékẹ́ ti sọ ìtàn rẹ̀ tán nígbà náà, kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Ó dá mi lóhùn: “Bàbá yín ṣe ilẹ̀kùn mi. Híńjì mẹ́ta ló wà lára rẹ̀, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló kàn dáadáa. Mo máa wá ní kùtù ọ̀la, kí àwọn èèyàn tó máa lo wáyà fóònù.”

Mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́ títí di àárọ̀ Tọ́sìdeè. Fóònù tábìlì mi dún. Bísí ni, láti ọ́fíìsì Ìyáàfin Olúrántí. Ẹkún ni mo kọ́kọ́ gbọ́.

“Kò sí nǹkan burúkú,” ni ó wí. “Kò sí. Wọ́n rí i. Wọ́n rí i, Ìyá Fadékẹ́.”

Ó sọ fún mi pé àwòrán náà kéré bí káàdì, pé ìyẹn gan-an ló bá ojú Bàbá mu, gbogbo rẹ̀ wọ inú páìpù rẹ̀. Nígbà tí ọmọ kúnlẹ̀, Bàbá gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó súre. Nígbà tó dé ibi yìnyín, ó gbá orúnkún. Kò sẹ́ni tó lè sọ fún kọ̀ǹpútà kó tún ọ̀rọ̀ kan sọ, nítorí náà Ìyáàfin Olúrántí dá a padà sẹ́yìn. Bàbá wò ó lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó wá yíjú sí Bísí: ṣé òwú àràbà ló ń já bọ́ níbẹ̀ yẹn, nígbà ọyẹ́?

“Mo ní bẹ́ẹ̀ ni,” ni Bísí wí. “Mo ní òwú àràbà ni, pé ó tutù ni. Ṣé mo purọ́?”

“Ẹ ò purọ́.”

“Wọ́n ti sọ ọmọ lórúkọ.”

Nínú ilé wa, orúkọ ọwọ́ yàtọ̀ sí orúkọ ẹnu. Bàbá nìkan ló ń fúnni. Tèmi ni kí a fa irun ẹ̀gbẹ́ etí, nítorí bí mo ṣe máa ń ṣe ní kékeré nìyẹn. Ti Bísí ni kí a fi ìka kan gbá àgbọ̀n. Kì í sọ ẹni tí kò tíì bá pàdé lórúkọ. Ọdún mẹ́rin ló fi ń pe Fadékẹ́ ní “ọmọ” lásán.

“Orúkọ wo?”

“Ìwọ náà mọ̀ ọ́n, ìparí rẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀ tán, tó sáré wá síwájú, tó na ọwọ́, tó fi àtẹ́lẹwọ́ bo gbogbo ojú kámẹ́rà.”

Mi ò mọ̀ ọ́n. Nígbà yẹn mo ti kọ ẹ̀yìn sí wọn, mò ń pa iná yàrá. Rọ́ì ló gbàgbé láti gé e kúrò.

“Bó ṣe ṣe bẹ́ẹ̀,” ni Bísí wí, “Bàbá fò sẹ́yìn lórí àga, wọ́n rẹ́rìn-ín títí Ìyáàfin Olúrántí náà fi ń sunkún. Wọ́n wá la àtẹ́lẹwọ́ wọn, wọ́n gbé e bo ojú ara wọn. Wọ́n ní orúkọ rẹ̀ nìyẹn.”

Iṣẹ́ abẹ náà dá ojú Bàbá dúró fún bí ọdún kan. Lẹ́yìn náà ó rọra tì. Ọdún mìíràn tún kọjá kí ìwé mi tó jáde. Nígbà tí a dé Ìrémọ, ó jókòó lórí àga tí ó fúnra rẹ̀ kàn, ìmọ́lẹ̀ wà lójú rẹ̀ ṣùgbọ́n kò rí i. Inú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ni Bísí ti ń bá a sọ̀rọ̀ báyìí, á gbé ọwọ́ tirẹ̀ sínú rẹ̀, Bàbá á sì máa gbọ́. Mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ rẹ̀ fa irun ẹ̀gbẹ́ etí mi. Ó mú orí mi mọ́ra, ó pẹ́ kó tó fi mí sílẹ̀.

Fadékẹ́ ti pé ọmọ ọdún mẹ́fà. Mo rò pé ẹ̀rù á bà á. Ó rìn lọ bá a láì bi ẹnikẹ́ni léèrè, ó la àtẹ́lẹwọ́, ó gbé e bo ojú bàbá àgbà.

Bàbá gbá ọwọ́ kékeré náà mú, ó gbé e kúrò lójú, ó tẹ́ ẹ sórí ọwọ́ tirẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò wọ̀n ọ́n láti ọrùn ọwọ́ dé ṣóńṣó ìka, bó ṣe máa ń wọn pákó. Ó tún un wọ̀n. Ó wá yíjú sí ibi tó rò pé mo wà, ó fi ọwọ́ sọ fún mi pé ọmọ yìí ti dàgbà o, pé ọwọ́ tí òun rí lọ́jọ́sí kò tó báyìí.